Lẹ́tà tí Àwọn Àgbẹ̀ Ajue Kọ sí Amẹ́ríkà

Èèrà ni mo fi ń jẹun. Mo kàwé títí ìwé fi sú mi, mo gboyè dókítà lórí kòkó àti àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú lórí igi, mo wá padà sílé láti máa dojú bolẹ̀ nínú oko olóko, kí n máa wo ibi tí èèrà ń gbé erùpẹ̀ gbà. Àwọn awakọ̀ Èkó sí Benin tó máa ń dúró jẹun ní Ore, tí wọ́n bá gbọ́ tí ẹnìkan pè mí ní Dókítà, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo ẹ̀yìn tó ń ro àwọn. Oyin, ìyàwó mi, ló máa ń dá wọn lóhùn láti ìdí ìkòkò ìrẹsì tó ń tà létí títì. Á ní, “Kòkó ló ń wò o. Tí ẹ ò bá tíì so, ẹ má dààmú ara yín.”

Orúkọ mi ni Ọlọ́runníyì, ọmọ Gbádéyan, ará Araromi-Obu. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba kan ló ní ẹ̀ka kékeré lẹ́bàá Ajue, ibẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí à ń fi àdúrà wá, owó oṣù wa sì máa ń yà sí ọ̀nà tí a kò mọ̀ kó tó dé, tó bá dé rárá. Inú fìríìjì la ń kó fáìlì sí, torí pé iná kì í wá, èkúté kì í sì í wọ ibẹ̀. Gílóòbù inú awò tí mo fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí jó. Mo kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Wọ́n fèsì pé kí n kọ́kọ́ fi èyí tó jó ránṣẹ́, kí àwọn lè rí i pé ó jó lóòótọ́. Mo fi ránṣẹ́. Títí di òní, bóyá wọ́n ṣì ń wò ó, mi ò mọ̀.

Síbẹ̀, mo máa ń gbéra ga díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ohun tí mo rí lábẹ́ igi kòkó kì í ṣe kékeré lójú mi. Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń kó èso tó ti dúdú jọ sídìí igi, àrùn náà á sì wọ inú erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ sápamọ́. Èèrà á bu erùpẹ̀ yẹn, á gbé e gun igi lọ fi kọ́lé sára èso tuntun, àrùn á sì bá a gòkè. Mo ní kí wọ́n máa ri èyí tó bá bàjẹ́ mọ́lẹ̀ jìnnà sí igi, kí wọ́n sì máa já ọ̀nà èèrà lára igi kí òjò tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀nba oògùn tí agbára wọn ká wá ń tó wọn lò. Mo kọ ọ́, àwọn ará òkè òkun tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìwádìí wọn. Mo ń gbé ẹ̀dà ìwé náà kiri nínú báàgì, mo máa ń yọ ọ́ síta díẹ̀ nínú mọ́tò, bóyá èrò ẹ̀gbẹ́ mi á béèrè ohun tó jẹ́. Wọn kì í béèrè.

Adéṣọlá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní yunifásítì, ti wà ní Fulọ́rídà nígbà yẹn. Òun ló kọ̀wé sí mi pé ìbátan àrùn kòkó yìí ń bá ọsàn wọn fínra lọ́hùn-ún. Ó ní òfin Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tó ní ìmọ̀ tí ilẹ̀ wọn nílò bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ láti wá máa gbé ibẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ, kódà tí ilé iṣẹ́ kankan ò bá pè é. Òun mọ lọ́yà kan, obìnrin, tó lè bá mi ṣe é. Ohun tí lọ́yà náà fẹ́ lọ́wọ́ mi jù ni lẹ́tà àwọn tó mọ iṣẹ́ mi, tí wọ́n á fi jẹ́rìí sí i. Mo ka ìwé náà fún Oyin.

Ó ní, “Ṣé iná wà níbẹ̀?”

Mo ní iná wà.

Ó ní, “Kí lẹ wá ń dúró dè?”

Ìrẹsì Oyin ló ń bọ́ èmi àti Ìyìn àkọ́bí wa àti àwọn àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí owó oṣù ti sọnù sọ́nà. Kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ dé ibi tí wọ́n á ti fún mi ní gílóòbù òmíràn láìbéèrè òkú èyí tó jó. Mo fẹ́ ẹ débi pé tí mo bá ń fẹnu sọ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ ni, ọkàn mi á ti máa di ẹrù.

Mo rò pé lẹ́tà ò le. Mo lọ bá fíkà wa ní Ore, mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo lọ bá ẹni tó kọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀wé tó dùn. Fíkà ní ọmọ ilé ire ni mí, mi ò mutí, mo sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ọ̀gá mi ní mi ò fa wàhálà rí, mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Tíṣà mi ní nínú gbogbo ẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó mọ oko ilé ìwé í ro tó mi. Níbi tí wọ́n bí mi sí, tí wọ́n bá ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan, ìwà rẹ̀ là ń sọ. Ta ló máa mẹ́nu ba èèrà? Mo ka lẹ́tà náà títí omi fi lé sí mi lójú, mo fi wọ́n rán ẹni tó ń lọ sí òkè òkun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ará Ore bí ẹni tó fẹ́ dágbére fún wọn.

Ìgbà tó yá, mo lọ pe Adéṣọlá ní ilé tẹlifóònù ní Oǹdó. Ó ní, “Lọ́yà ní kí n bi ẹ́, ṣé iṣẹ́ ni ò ń wá ni àbí ìyàwó?”

Mo ní kí ló dé.

“Ó ní tí òun bá lọ́mọbìnrin, òun á fi fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí o ṣe. Kí lo ṣe tí ẹlòmíràn ò ṣe?”

Mo sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò gbọ́, kí n gbóhùn sókè. Wáyà tẹlifóònù ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ lọ gbọ́dọ̀ bá a fi ọ̀fun tì í. Ni mo bá figbe ta pé, “Èmi ni mo rí i pé èèrà ló ń gbé àrùn gun igi! Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi!” Gbogbo àwọn tó ń tò sẹ́yìn yíjú sí mi. Màmá kan tó ń retí ìpè ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní kí n rọra, pé Ọlọ́run á wò mí sàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní àmín.

Adéṣọlá ní kí n má retí pé ẹnìkan á mọ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ni pé èmi fúnra mi á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí mo bá fẹ́ kó buwọ́ lù ú á kà á, á tún un ṣe bó ṣe wù ú, á sì buwọ́ lù ú. Ó bà mí lẹ́rù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, aláìnítìjú ni. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó ti bébà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, oòrùn ò tíì gun orí tí ìtìjú fi tán lára mi. Mo yin ara mi. Mo yin ara mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ara mi. Nígbà tí Oyin pè mí pé kí n wá bá òun gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé irú èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyẹyè tó kọ́ mi. Ìrìn náà gba ìyà, torí epo tán nínú mọ́tò tí a wọ̀, a sì dúró lójú ọ̀nà títí òmíràn fi dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níwájú ilé lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí kò síná nínú ilé. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n kà á dópin, wọ́n yọ awò ojú wọn.

Wọ́n ní, “Ọlọ́runníyì, nígbà wo lọkùnrin yìí kú?”

“Ta ni, sà?”

“Ẹni tí wọ́n kọ èyí fún. Òkú nìkan ni mo mọ̀ tí à ń yìn báyìí.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n mú bírò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e. Níbi tí mo kọ pé kò sí irú mi ní gbogbo ayé, wọ́n fagi lé ayé. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fi Áfíríkà sílẹ̀ fún mi.” Wọ́n ní Áfíríkà tóbi. A ná an títí bí ẹni ń ná aṣọ, wọ́n wá ní kí n máa mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, pé wọn ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n buwọ́ lù ú. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní iṣẹ́ tí mo ṣe dára lóòótọ́, pé kò nílò ariwo tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ.

Lọ́yà gba èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí wọ́n ka ìwé mi lókè òkun tún kọ tiwọn. Ó wá ku ẹyọ kan. Lọ́yà ní òun fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo iṣẹ́ náà lóko, kí àwọn aláṣẹ má baà rò pé inú ìwé nìkan ló mọ. Mo ní ìyẹn rọrùn, Ajue ni mo wà. Mo lọ bá wọn ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn kòkó lẹ́yìn ilé ìjọsìn.

Bàbá Oyèlọlá ni alága wọn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n kí bàbá mi tó kú. Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ sí mi, èmi á sì máa fi Yorùbá ìwé dá wọn lóhùn, bí ẹni pé ahọ́n mi ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn. Tíṣà Fọlárìn wà níbẹ̀, òun ni katikíìsì, òun náà ló ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́. Kàsímù náà wà níbẹ̀, ará Ìwó tó ń dá oko onílẹ̀. Kì í ṣe onígbàgbọ́, àmọ́ ibi tí kòkó bá wà kì í jìnnà sí i. Oko rẹ̀ ni mo ti dojú bolẹ̀ jù.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣera mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé èmi ni mò ń bẹ Amẹ́ríkà kí wọ́n gbà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yọ ìwé nínú báàgì kí èrò mọ́tò lè rí i kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń pè é ní Dókítà. Mo wúkọ́, mo ní, “Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń wá mi o. Wọ́n fẹ́ kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa mi.”

Bàbá Oyèlọlá wò mí. “Ghan fẹ́ mú ọ lọ, ọma Gbádéyan?”

“Wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Bàbá wá ní, “Tíṣà, lọ mú bírò. O mọ bí a ti ń kọ ọ́.” Wọ́n ní kí n máa lọ, pé a kì í kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ni í. Inú mi dùn. Mo rò pé ìyìn tó fẹ́ wọ inú ìwé náà pọ̀ débi pé wọn ò fẹ́ kó pa mí.

Nígbà tí Tíṣà Fọlárìn gbé e wá bá mi ní Ore, wọ́n ti kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n tún kọ ọ́ ní èdè òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì Oyin, mo ṣí i.

“Sí Ìjọba Amẹ́ríkà. A kí yín, a kí ẹbí yín. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ mú Dókítà Ọlọ́runníyì kúrò lọ́dọ̀ wa. A fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Kó tó dé, kòkó tó ń dúdú lóko Kàsímù pọ̀ ju èyí tó ń ká lọ. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ gé kòkó lulẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́. Ó ní ká ri èyí tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀, ká já ọ̀nà èèrà. A fi í ṣe ẹlẹ́yà, a ní ìwé ti dà á lórí rú. Kò bínú, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́dún tí a ò rówó ra oògùn rárá, a ṣì rí kòkó ká. Ọmọ wa padà sí ilé ìwé. Ẹ̀yin ní dókítà púpọ̀, ẹyọ kan ni tiwa. Tó bá jẹ́ èèrà ni ẹ fẹ́, a lè bá yín kó o ránṣẹ́.”

Mo lóye lójú ẹsẹ̀. Nígbà kan, bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbé Tíṣà Fọlárìn fúnra rẹ̀ kúrò ní Ajue lọ sí Òkìtìpupa. Bí wọ́n ti kọ̀wé sí i nìyí, tí wọ́n to gbogbo oore tó ṣe síbẹ̀, tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bíṣọ́ọ̀bù sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo lọ sọ fún wọn pé Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá mú mi. Kí ni wọ́n ì bá tún ṣe?

Oyin gba bébà náà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi ń wò ó. Nígbà tó dé ibi “ẹyọ kan ni tiwa,” ó tún un kà. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ràn yín o, Bàbá Ìyìn.” Ojú tì mí, inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kọ òmíràn lórúkọ wọn, èyí tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ajue pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Oyèlọlá rí mi láti òkèèrè, wọ́n ní, “Ọma mi, ṣé lẹ́tà ti lọ? A ti fi í sínú àdúrà.” Bébà mi ò kúrò lápò. Mo jẹ iṣu tí wọ́n sè, mo padà sílé. Kí n lè sọ fún Bàbá pé ó ti lọ láìpurọ́, mo fi tiwọn ránṣẹ́ sí Adéṣọlá, mo sì kọ ọ́ sí i lára pé kí ó má jẹ́ kí lọ́yà rí i, pé màá wá nǹkan ṣe.

Lọ́yà rí i. Adéṣọlá sọ fún mi lórí fóònù pé ó kà á sókè fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì ní nínú gbogbo ohun tí a kó wá, kò sí èyí tó fi hàn tó o pé iṣẹ́ mi wúlò. Ó fẹ́ fi í sókè pátápátá. Ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo gbà.

“Mo gbà,” ni mo wí. Adéṣọlá ò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ó lé lọ́dún kan kí èsì tó dé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tí mo bá dé Ajue, wọ́n á máa wò mí bí ẹran tí a gbà lẹ́nu ìkookò. Bàbá Oyèlọlá fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe mí lálejò lọ́jọ́ kan, wọ́n ní Amẹ́ríkà láànú ju bí àwọn ti rò lọ. Mo mu ún. Mo ní wọ́n láànú.

Èsì dé, wọ́n gbà mí, èmi àti Oyin àti àwọn ọmọ. Oyin jó níwájú ìkòkò ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ máa lọ sọ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀.”

Mo lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n pé síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ọ̀rọ̀ ńlá ńlá, bí irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fagi lé. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, mo kúnlẹ̀, ohun tó jáde ni pé, “Mò ń lọ. Àwọn kọ́ ló wá mi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.”

Bàbá Oyèlọlá bi mí pé, “Lẹ́tà wa ńkọ́? Ṣé ghan kà á?”

“Wọ́n kà á, Bàbá.”

“Ṣé ghan gbà pé òótọ́ ni?”

“Wọ́n gbà á gbọ́ ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Òun gan-an ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà mí.”

“Ghan mọ̀ pé ẹyọ kan ni ọ́?”

“Wọ́n mọ̀.”

“Ghan sì mú ọ.”

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín, Kàsímù ló sì kọ́kọ́ rín in. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Áà! Dókítà, ẹ ò sọ fún wa. À bá ti bú yín. À bá ní olè ni yín, pé ẹ ń sùn lábẹ́ kòkó, pé ẹ ò mọ nǹkan kan!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Tíṣà Fọlárìn mú òṣùwọ̀n mọ́ra kó má baà ṣubú, èmi náà ń rín pẹ̀lú wọn lórí ìkúnlẹ̀, títí mo fi rí i pé ẹ̀rín kọ́ ni mò ń rín mọ́.

Bàbá Oyèlọlá fà mí dìde. Wọ́n ní kí Kàsímù fún mi ní àyè lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kòkó tí a fẹ́ wọ̀n ṣì pọ̀ nílẹ̀.